Ọ̀sẹ̀ Kan Kò Lè Pa Àwo Orin

Bí olórin bá gbé àwo tuntun jáde lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ ti sìnkú rẹ̀ tán. Ẹ dé South Gate FUTA, ẹ dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀ èyíkéyìí ní Ọ̀yẹ́mẹkùn, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó gbọ́: "Àwo yẹn ti kú. Kò wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́." Wọ́n á na fóònù sí yín kí ẹ fojú ara yín wo ṣáàtì Apple Music, àtòjọ orin tí wọ́n ń gbọ́ jù níbẹ̀, ẹjọ́ parí nìyẹn.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń sọ bí àwo ṣe máa rìn. Èyí tí kò bá jà lọ́sẹ̀ tó jáde, kò tún lè jà mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu DJ tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni, irọ́ tó sì rọrùn láti já ni, torí àwọn orin tó sọ ọ́ di irọ́, ẹ ti jó sí i níbi ìnáwó.

Rema ni kí a kọ́kọ́ mú. Ọmọ ọdún 21 ni ọmọkùnrin Bìní yìí nígbà tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rave & Roses, jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022. Orin 16 ló kó sínú rẹ̀. Ẹnu kò sìn lára rẹ̀ rárá: àwọn kan ní ó gùn jù, àwọn mìíràn ní àwọn orin tó fi bẹ̀rẹ̀ ní 2019 dùn ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Orin kan wà nínú àwo tí wọ́n ń sìnkú rẹ̀ yìí tó ń jẹ́ "Calm Down". Láti oṣù Kejì ló ti jáde, kí àwo gan-an tó dé. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Selena Gomez, ọmọ Amẹ́ríkà, bá a tún un kọ. Oṣù Kẹfà 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò kẹta lórí Hot 100, ṣáàtì tí Billboard fi ń to orin l'Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló di orin àkọ́kọ́ tí olórin ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ní ìgbà bílíọ̀nù kan lórí Spotify, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òkú tí wọ́n sin lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bí ẹ bá ní ti Rema jẹ́ àkàndá, ti Wizkid ńkọ́? Made in Lagos yẹ kó ti jáde kó tó jáde, ọ̀rọ̀ EndSARS ló jẹ́ kí wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 2020 ló dé, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lekki, nígbà tí inú ìlú ò dùn. Àwọn tó gbọ́ ọ ní ó falẹ̀ jù, pé oorun ló ń gbé kọ́ni. Mo rántí ẹnì kan ní Alágbàkà tó ní orin tí wọ́n fi ń tu ọmọ nínú ni Wizkid lọ kọ. Inú àwo yẹn ni "Essence" wà, èyí tí òun àti Tems jọ kọ. Oṣù Keje 2021 ló tó wọ Hot 100. Justin Bieber dá sí i ní oṣù Kẹjọ, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, ó ti wà láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ó kù díẹ̀ kí àwo náà pé ọmọ ọdún kan nígbà náà.

"Love Nwantiti" ti CKay tún pẹ́ ju ìyẹn lọ. 2019 ló jáde. 2021 ni àwọn ọmọ TikTok gbé e, tí gbogbo ayé wá ń béèrè ta ló kọ ọ́.

Kí ló wá dé tí ṣáàtì fi ń tan ènìyàn? Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Top 100 tí Apple Music ń ṣe fún Nàìjíríà, ti ojoojúmọ́ ni: iye tí wọ́n gbọ́ orin kan ní orílẹ̀-èdè yìí láàárín ọjọ́ kan ló ń kà. Bí àwo tó ní orin 16 bá jáde, tí olórin náà sì lókìkí, àwọn olólùfẹ́ olórin náà á gbọ́ ọ láti òkè délẹ̀, títí kan èyí tí kò dùn. Fún ìdí èyí, lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo àwo ló máa tò sórí ṣáàtì bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kálukú ti mú orin méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ràn, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹni tó ń wo fóònù á pariwo pé, "Ó ti ń ṣubú!" Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣa èyí tí wọ́n máa mú lọ sílé ni.

Ṣáàtì tí Billboard fi ń to àwo tún yàtọ̀. Ní 2022 tí Rave & Roses jáde, orin 1,250 tí àwọn tó ń sanwó oṣooṣù bá gbọ́ ni wọ́n ń kà sí àwo kan ṣoṣo tí wọ́n tà. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìpolówó ọjà láàárín, 3,750 ni. Ẹ pín 1,250 sí ọ̀nà 16, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ gbọ́ Rave & Roses látòkè délẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 78 kí wọ́n tó ní ó ra àwo kan. Ẹni tó ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Ìgbà 234. Ẹ sì wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: olórin tó kó orin 25 sínú àwo máa ń rí ju ẹni tó kó 11 lọ, bí èèyàn tilẹ̀ gbọ́ àwọn méjèèjì látòkè délẹ̀ ní iye ìgbà kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwo mìíràn fi gùn bí ìwàásù òru àìsùn.

Gbogbo èyí, àwọn tó ní dátà ni wọ́n ń kà. Àwa ńkọ́?

Lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí, ọmọkùnrin kan wà tó gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì onípákó lábẹ́ agboòrùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó orin sínú fláàṣì àti mẹ́mọ́rì fún èèyàn. Awakọ̀ kan tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ pa ọkọ̀.

"Kó èyí tó ń lọ báyìí sí i fún mi."

"Ṣé kí n fi ti Rema sí i, bọ̀dá? Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Fi sí i. Má jẹ́ kí Pasuma kúrò níbẹ̀ o!"

Ọmọkùnrin náà ṣí fódà kan, ó fa gbogbo orin inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró títí ìlà aláwọ̀ ewé ojú láptọ́ọ̀pù fi kún. Ó yọ fláàṣì, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó gba owó rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Fláàṣì yẹn á kọrin fún èrò ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Òwènà, dé Bọ́lọ́rundúró, wọ Oǹdó, lálọ àti lábọ̀, títí awakọ̀ fi máa padà wá pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá tó ń lọ tajà á mọ ègbè orin náà láìmọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Apple Music kò ka ọ̀kankan nínú rẹ̀, Spotify kò kà á, kọ́bọ̀ kan kò sì kan olórin. Ìyẹn burú fún olórin, mi ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú gba àwo kan, inú ọkọ̀ yẹn ni ìdáhùn wà.

Ẹ má sì gbàgbé pé oṣù Kejì 2021 ni Spotify ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, 900 náírà ni wọ́n sì ń gbà lóṣù nígbà náà. Ní oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣọ́ dátà rẹ̀ kò ní jókòó máa gbọ́ orin kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà ogójì. Á gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, ó tán. TurnTable, tó bẹ̀rẹ̀ ṣáàtì tiwa ní 2020, gbìyànjú ju àwọn òkèèrè lọ ní ti pé ó ń ka rédíò pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, fláàṣì kò sí nínú ìṣirò tiwọn náà.

Èrò ọ̀sẹ̀ kan yìí kò ṣàdédé wá. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti CD, ó ní ìtumọ̀. Ẹni tó ń ta àwo ní Aláàbà kó owó sílẹ̀ láti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí kò bá sì tà kíá, ọjà ti dì mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, á sì kó àwo ẹlòmíràn sórí àtẹ. Àyè orí àtẹ kò pọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kò sí ẹni tó ń kó orin kúrò kí òmíràn lè ráyè jókòó. Orin tó jáde ní 2019 wà níbẹ̀ pẹ̀lú èyí tó jáde lánàá, ọmọbìnrin kan ní ìlú tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lè fi jó nínú fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́la, kí gbogbo rẹ̀ yí padà.

Ó sì yẹ kí àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ọmọ Oǹdó ni King Sunny Adé. Island Records, ilé-iṣẹ́ tó gbé Bob Marley jáde fún ayé, mú un wọlé: Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983, èyí tó gbé orúkọ rẹ̀ dé Grammy, lẹ́yìn náà Aura ní 1984, tí Stevie Wonder alára fun hàmóníkà sí. Àwo ọ̀hún kò tà tó bí wọ́n ṣe rò, Island sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò tiwọn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nílé níbí, ta ló dá ìnáwó dúró? Wọ́n ń ná an lówó lórí ìdúró lọ ni. Ó gbé Odù jáde ní 1998, Grammy sì tún dárúkọ rẹ̀.

Mo gbà pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní ohun tó ń sọ. Ó ń sọ bí olólùfẹ́ tí olórin ti ní tẹ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀ tó, àwọn tó ń ṣètò òde ìlú òyìnbó sì máa ń wò ó kí wọ́n tó dá owó lé e. Olórin tó ti lókìkí lè gbé àwo tí kò dáa jáde kó sì gba ipò kìíní lọ́jọ́ Ẹtì. Orúkọ rẹ̀ ló gba ipò yẹn fún un. Àwo mìíràn sì wà tó kú lóòótọ́, tí ọdún márùn-ún kò jí dìde. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo ṣì fẹ́ máa rìn ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú àlàáfíà.

Rema tún kojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. HEIS dé ní oṣù Keje 2024, orin 11, kò tó ààbọ̀ wákàtí. Ìdájọ́ dé kí wọ́n tó gbọ́ ọ dé ìdajì: ariwo! Ìlù ń sáré, ó ń kígbe, kò sí orin ìfẹ́ bíi "Calm Down" tí wọ́n ń retí. Èmi náà rò pé orí máa fọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ láàárọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni àwọn ọmọ Àdó-Àkúrẹ́, tí ìdílé wọn wá láti Bìní. "Benin Boys" tí òun àti Shallipopi kọ kò kúrò lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni "Ozeba" bẹ̀rẹ̀ sí í wọ òde àríyá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó ní ariwo ni wá ń fò sókè sí i jù. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Grammy fi HEIS sára àwo márùn-ún tí wọ́n yàn ní ẹ̀ka orin àgbáyé. Kò gbà á, ṣùgbọ́n òkú kì í dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi àwòrán ṣáàtì ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá nípa àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo ti rí i, ẹ ṣeun. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá di oṣù mẹ́ta òní, kí ẹnì kan nínú yín wá kọ orin inú rẹ̀ kan ṣoṣo fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo ibì kankan. Bí kò bá sí ẹni tó lè kọ ọ́, èmi fúnra mi á bá yín gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.