Irọ́ ni pé ẹni tí kò gba 200 ti fèèlì JAMB

Bí èsì ìdánwò àbáwọlé fásitì tí àjọ JAMB ń ṣe bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa máa ń bi àwọn ọmọ, ì báà jẹ́ ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Sabon Gari ní Kano: "Èló lo gbà?" Bí ọmọ bá ní 198 lòun gbà, ìyá rẹ̀ á káwọ́ lérí. Bí ó bá ní 205 ni, wọ́n á ní ó ti yege. Máàkì méje péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ a ti pe ọ̀kan ní olódo, a sì ti ń kí ìkejì kú oríire. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ó ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ nínú jẹ́ láìnídìí. JAMB kò ní máàkì àṣeyege. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé 200 ni ẹni tó yege, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé 199 ti fèèlì.

A mọ ibi tí 200 ti wá. 400 ni gbogbo máàkì, 200 sì ni ìdajì rẹ̀. Láti kékeré ni ilé ìwé ti kọ́ wa pé ẹni tó bá gba ìdajì ti bọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò ilé ìwé ń wádìí bóyá ọmọ gbọ́ ohun tí tíṣà kọ́ ọ. WAEC àti NECO náà ń wádìí ìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní A1 títí dé F9. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n rán JAMB. Wọ́n ní kí ó to àwọn ọmọ tẹ̀lé ara wọn, láti orí ẹni tó ga jù dórí ẹni tó kéré jù, kí àwọn fásitì lè rí ọ̀nà pín ààyè tí kò kárí gbogbo ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, tó di ọ̀gá àgbà JAMB ní 2016, ti sọ ọ́ ní gbangba, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé ìdánwò tí a fi ń to ọmọ sípò ni UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB yìí.

Ìtàn bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ fi èyí hàn kedere. Kí ó tó di 1978, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ kan lè gba fọ́ọ̀mù Ìbàdàn, kó gba ti Ifẹ̀, kó tún gba ti Zaria, kí gbogbo wọn sì mú un. Ibì kan ṣoṣo ni yóò lọ. Ààyè rẹ̀ níbi tó kù á ṣófo, ọmọ ẹlòmíràn á sì jókòó sílé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá fi fásitì méje kún mẹ́fà tó wà nílẹ̀ láàárín 1975 sí 1977, Jos, Maiduguri, Sokoto àti Ìlọrin wà lára wọn, wàhálà náà tún pọ̀ sí i. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá JAMB sílẹ̀, ẹni tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari ní Abuja níbí lónìí.

Ẹ rántí ariwo èsì JAMB 2025. Ó kù díẹ̀ kí àwọn tó kọ ọ́ pé mílíọ̀nù méjì, àwọn tí kò sì tó 200 lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Káàkiri ni wọ́n ti ń kéde pé àwọn ọmọ ti fèèlì, pé TikTok ti bà wọ́n jẹ́. Kò pẹ́ tí JAMB fi jáde wá sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì jẹ́ ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìlà oòrùn gúúsù, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ 379,997 tún un kọ. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní àṣìṣe kankan kò sí, ohun tí iye yẹn fi hàn ni pé ìdánwò náà le. Bí ìbéèrè bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gba 200, àwọn fásitì yóò ṣì gba iye ọmọ tí ààyè wọn gbà, wọn yóò kàn bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó wà lókè ni.

Ní ọdún yẹn gan-an, 150 ni JAMB àti àwọn ọ̀gá fásitì fẹnu kò sí pé fásitì kankan kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù ú lọ. Ní 2023 àti 2024, 140 ni. Nítorí náà ọmọ tó gba 170 kò fèèlì ohunkóhun. Ohun tó yẹ ká bi í ni kọ́ọ̀sì wo ló mú, fásitì wo ló sì fi ṣe àkọ́kọ́. Mi ò sọ pé 150 tó fún ìmọ̀ ìṣègùn tàbí òfin o. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ọgbà lásán ni 150, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ nínú.

Apá kejì irọ́ náà tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ bá ti ga, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi Yunifásítì Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n máa ń pín máàkì JAMB sí mẹ́jọ, wọ́n á pín ti Post-UTME, ìdánwò tí fásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, sí méjì, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 290 nínú JAMB, tó wá gba 48 nínú Post-UTME, 60.25 ni tirẹ̀. Ọmọ tó gba 240, tó gba 70 nínú Post-UTME, 65 ni tirẹ̀. Ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ kéré ló wà níwájú yẹn. Ní Yunifásítì Èkó, JAMB kó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, Post-UTME kó 30, èsì WAEC tàbí NECO sì kó 20. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń náwó lẹ́sìnnì JAMB láti Oṣù Kìíní, tí wọn kò sì ná kọ́bọ̀ kan sórí ìyókù.

Ní 2025 kan náà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tó kọ JAMB, jẹ́ 41,027. Àwọn 599 nínú wọn gba 320 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 320! Síbẹ̀ máàkì náà nìkan kò mú wọn wọlé: ó di dandan kí WAEC tàbí NECO wọn àti Post-UTME wọn náà ga bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá kan àwa Yorùbá tó ń gbé lókè ọya jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀, òun gan-an la kì í fẹ́ gbọ́. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí àyíká fásitì náà. Ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí àwọn tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì rẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí. Ọmọ Ọ̀ṣun tí wọ́n bí sí Zaria, tó ń sọ Hausa bí ẹní mumi, ọmọ Ọ̀ṣun ló jẹ́ lójú ABU, fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria. Ọ̀ṣun kò sí lára ìpínlẹ̀ àyíká ABU, kò sì sí lára àwọn tó rẹ̀yìn, nítorí náà inú ìdá 45 yẹn nìkan ni yóò ti jà. Bí ó bá mú Ifẹ̀, ọmọ àyíká ni.

Ọmọ Kwara àti ọmọ Kogi yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ méjèèjì wà lára àwọn tí ìjọba kà sí èyí tó rẹ̀yìn. Ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ìgbómìnà àti ọmọ Kàbà tó wà ní Lugbe lè dupò ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn lábẹ́ ìdá 45, kí ó sì tún dupò lábẹ́ ìdá 20. Mo ti rí òbí tó fi Èkó kọ ìpínlẹ̀ ọmọ Kwara nítorí ó rò pé orúkọ Èkó wúlò jù. Ó dùn mí gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ méjì yóò ṣe gba máàkì kan náà fún kọ́ọ̀sì kan náà, tí ọ̀kan á wọlé, tí ìkejì á sì wà nílé. Èèyàn lè ní ètò náà kò dára, ìyẹn àríyànjiyàn mìíràn. Òun ló wà nílẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n kí ó tó mú fásitì.

Bí èsì ọmọ yín bá ti jáde, ẹ wò ó bóyá èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ ti wà lórí ojú ewé rẹ̀ lórí ìkànnì JAMB. Ọ̀pọ̀ ló kọ ìdánwò náà nígbà tí wọ́n ṣì ń retí èsì, tí wọn kò sì padà lọ fi í síbẹ̀ ní ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà (CBT). Fásitì kò lè gba ọmọ tí kò ní èsì níbẹ̀, kódà bó gba 300. Ẹ wò ó bóyá àwọn ẹ̀kọ́ (subject) mẹ́rin tó kọ nínú JAMB bá ohun tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ ń béèrè mu. Ẹ máa wo CAPS, ètò ìgbàwọlé JAMB lórí ayélujára, lemọ́lemọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàwọlé ti ń yọ láti 2017, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ pé òun gbà.