Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ò mọ òwe

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pa ìrókò, torí bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Àwọn tó pa òwe yẹn ò tíì rí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Ìrókò tí bàbá mi àgbà kì í wò lójú tó bá ń kọjá lọ sóko, kí oòrùn tó kan àtàrí ni wọ́n ti gé e lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó rúbọ.

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ má bínú. Obìnrin ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì tún ni mí. N ò lè wọ igbó Orò, kò sì wù mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n fi igi àgbà kan pamọ́ síbì kan ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí, igbó Orò ni màá gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ pátákó ìjọba.

Ẹ lọ wo igbó Dogo, igbó ìjọba tó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Òfin igbó ti 1993 wà, pátákó wà, síbẹ̀ wọ́n ń gé igi. Àwa a máa yára dá Fúlàní lẹ́bi. Òótọ́ ni, bí koríko bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gun igi apá àti ọ̀gànwó, wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. Igi tí wọ́n bá ń gé lórí lọ́dọọdún kì í so dáadáa. Níbo lọmọ rẹ̀ máa ti hù? Àmọ́ ṣé Fúlàní ló ń to àpò èédú sẹ́bàá títì? Ṣé òun ló kó igi kosso lọ sí Ṣáínà kí wọ́n fi kan àga, títí wọ́n fi ní láti fi igi náà sábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó lè parun, ní 2017? Èédú tí mo fi se ọbẹ̀ lánàá, èmi náà ò béèrè igi tó jẹ́.

Ìwádìí kan tó jáde ní 1998 ka igbó òrìṣà tó wà ní Bẹ̀nẹ̀: 2,940. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, hẹ́kítà 18,360 péré. Bíi hẹ́kítà mẹ́fà mẹ́fà! Ilẹ̀ tí kò tó nǹkan, ìbẹ̀rù nìkan ló sì ń ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kọkànlá 2012 ni àwọn mínísítà tó fọwọ́ síwèé pé ìjọba mọ àwọn igbó náà sí igbó tó yẹ kí a dáàbò bò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè dẹ́rù ba ọmọkùnrin tó ti gbé ayùn lọ́wọ́.

Àwa onígbàgbọ́ ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ní ìpàdé ìjọ wa, ẹnìkan dìde, ó ní ká bẹ àwọn ẹbí kan kí wọ́n ta igbó wọn fún wa, ká kọ́ gbọ̀ngàn síbẹ̀, torí ẹ̀mí èṣù ló ń gbé inú ẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kó máa gbébẹ̀, ìgbà tó wà níbẹ̀ ni igi fi wà. Gbogbo wọn yíjú sí mi bí ìgbà tí wọ́n rí àjẹ́.

Mo ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣá. Wọn ò tíì lé mi.