Èsì wa lórí bákóòdù tí kò ṣeé kà lára ẹrù yín

Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, a sì bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Ẹ ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ẹ rà lọ́wọ́ wa dára, ṣùgbọ́n ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ìyá yín ti kọjá kó tó dé, nítorí pé bákóòdù ara lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ṣeé kà ní ibùdó ẹrù, ó sì fi ọjọ́ mẹ́fà jókòó síbẹ̀. Ẹ wá béèrè bóyá a tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. A kò yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ, ẹ̀bi wa ni.

A gbé àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa nílé ìtajà ní Ìtòkú. Kì í ṣe yíǹkì ló tán, ooru ni ẹ̀rọ wa fi ń tẹ̀wé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a dín lébẹ́ẹ̀lì náà kù kó lè bá ìwé àlẹ̀mọ́ kékeré tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà mu. Àmì tíntìntín mẹ́jọ ni ẹ̀rọ wa ń tẹ̀ sínú mìlímítà kan, kò sì lè tẹ ìdajì àmì. Bí ìlà kan bá yẹ kó fẹ̀ tó àmì méjì àbọ̀, yóò sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìlà dúdú àti àlàfo funfun ṣe fẹ̀ síra wọn gan-an ni ẹ̀rọ ibùdó ń kà. Nínú àwòrán yín, ìlà méjì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn lápá ọ̀tún, bí ìgbà tí ẹ̀kọ kò tíì gbẹ tí wọ́n ti ri aṣọ sínú aró. Fóònù wa kà á lọ́jọ́ náà, òun ló tàn wá jẹ.

Ní báyìí, a kì í dín lébẹ́ẹ̀lì kù mọ́. A máa ń fẹ fáìlì náà lójú kọ̀ǹpútà títí a ó fi rí etí ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí etí rẹ̀ bá ṣú bí èéfín, a kò ní tẹ̀ ẹ́, a ó tún un gbà láti orísun rẹ̀. A tún ń wo àlàfo funfun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé irú bákóòdù tí à ń lò, Code 128, ń fẹ́ àlàfo tó fẹ̀ tó ìlà tó tín-ín-rín jù lọ́nà mẹ́wàá, orúkọ ilé ìtajà wa sì ti wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlànà àgbáyé ISO/IEC 15416, tí wọ́n fi ń díwọ̀n bákóòdù oní-ìlà, ń fẹ́ kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti òkè ìlà dé ìsàlẹ̀. A kò ní ẹ̀rọ tí ń fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n a yá ọgbọ́n yẹn lò: a ń tẹ ẹyọ kan, a sì ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a ó ya á dànù.

A ti dá owó ìfiránṣẹ́ yín padà. Aṣọ kejì tí ẹ ṣì ń retí, a tẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì wọlé. Ẹ bá wa kí ìyá, kí wọ́n ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.