A Ń Wá Àgbà Kan Tó Ń Kùnà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará àdúgbò wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ti gbé àdá jáde lóru nítorí ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí. Wọ́n rò pé olè ló wọlé. Olè kọ́. Aago mẹ́ta òru ọ̀dọ̀ wa, aago méje alẹ́ ni ní Los Angeles, ọkùnrin kan tó ti ń wọ ogójì ọdún sì ti tún fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí wọ́n fi yọ òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ wa ń ké bí ẹni tí akeekèé ta. Tílẹ̀ bá mọ́, á gun sẹ́míjàn rẹ̀, ọ̀kadà akérò, jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, á gbé ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ sí ilé ìwòsàn.

Albert Pujols lorúkọ ọkùnrin náà. Béèsìbọ́ọ̀lù leré rẹ̀, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù síni. Ẹ̀wù ló kó wa sí i: wọ́n tú ìdì aṣọ àlòkù kan lọ́jà, ọmọ wa ra ẹ̀wù kan ní 700 fráǹkì, orúkọ Pujols àti nọ́ńbà 5 wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá lọ bi íntánẹ́ẹ̀tì léèrè ẹni tó ni ín.

Ẹ má rò pé òun nìkan ni. Fáàrí ìgbà yìí nìyẹn láàárín àwọn ọmọkùnrin wa. Kéèyàn máa tẹ̀lé eléré tó ń ta bí ata, iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹni tó bá gbọ́n á wá àgbà kan tí ara rẹ̀ ti ń rọ̀, tí àwọn oníròyìn ń bú, á so ara rẹ̀ mọ́ ọn bí ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, á wá máa ké kiri pé òun kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀.

Ká má purọ́, Pujols ṣe bẹbẹ nígbà tirẹ̀. Láti 2001 dé 2011 tó fi wà ní ẹgbẹ́ ìlú St. Louis, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ẹni tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi í ṣe eléré tó pegedé jù nínú líìgì rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife ní 2006 àti 2011. Ife àgbáyé ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ló ń du ú; ayé tiwọn kò fẹ̀. Máṣíìnì lorúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Angels ti Los Angeles wá san 240 mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí fún ọdún 10, bí ẹni tó ra ọkọ̀ àlòkù lówó tuntun. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń húkọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń dùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ọmọ wa ti gbóná.

Ẹ gbọ́ bí eré ọ̀hún ṣe rí. Ẹni tó bá rí bọ́ọ̀lù gbá dáadáa nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọba ni. Ẹ ro ti télọ̀ tó rán aṣọ mẹ́wàá tó ba méje jẹ́. Ní 2017, Pujols kò tilẹ̀ gbá mẹ́ta mọ́, méjì àti díẹ̀ ni. Ọmọ wa ní ká ṣe sùúrù fún un. Ọmọ wa yìí kan náà ti kọ télọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo nítorí ṣòkòtò. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn ni bàbá tó rán aṣọ ìsọmọlórúkọ rẹ̀; ojú ló ń dun bàbá. Kò dúró gbọ́.

Wọ́n ti di ẹgbẹ́ báyìí, abẹ́ igi máńgòrò níbi tí àwọn ọlọ́sẹ́míjàn ń dúró sí ni wọ́n ń pàdé. Ọ̀kan wà tí kì í bọ́ fìlà Detroit lórí, Miguel Cabrera ni tirẹ̀, ó bá a rìn títí ìyẹn fi gbé kóńdó sílẹ̀ ní 2023. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ti òmíràn: ó ṣì ń bínú pé wọ́n fi Ronaldo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Qatar ní December 2022, lọ́jọ́ tí Portugal na Switzerland 6–1. Ó ní ká ní bàbá bẹ̀rẹ̀ eré ni, méjìlá ni wọn ò bá gbá wọlé. Ìyà ni wọ́n fi ń figagbága níbẹ̀. “Tèmi ti ń kùnà láti 2013!” “Ìyẹn náà lò ń pè ní ìkùnà?” Ẹ̀ẹ́ ní àwọn ìyá àgbà ló ń to ògùn ẹ̀jẹ̀ ríru han ara wọn.

Mo bi wọ́n nípa Stéphane Sessègnon. Ní 2019, ẹni ọdún 35 ni, òun ni balógun àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ wa, bí wọ́n ṣe ń pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Benin nígbà náà, nígbà tí wọ́n lé Morocco sílé pẹ̀lú pẹnáritì ní Íjíbítì, tí Benin fi wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ife Áfíríkà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà pé kí bàbá lọ sinmi, kó yé dínà mọ́ ọmọdé.

“Bàbá Kékeré, ìyẹn yàtọ̀,” ni ọmọ wa wí. “Ẹni yẹn, a mọ̀ ọ́n.”

Ní May 2021, àwọn Angels lé Pujols. Áńgẹ́lì náà ni wọ́n fi dínà ọgbà mọ́ Ádámù, kì í ṣe tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ wa kò gun ọ̀kadà. Nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀ kú, ọjọ́ kan ló fi jókòó, ó ní èrò ń dúró de òun. Wọ́n ní Àkábá Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, a máa han bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Síbẹ̀, àwọn ará Dàhómì ṣáà ráyè wọlé ní 1886. Ẹnikẹ́ni kò ráyè kọjá lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti sọ̀rọ̀ Pujols láìdáa.

Àfi bí wàhálà ṣe dé ní 2022. Pujols padà sí St. Louis fún ọdún kan, a rò pé ó lọ dágbére lásán ni, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbá a. Ní alẹ́ 23 September, ní Los Angeles, ó gbá méjì fò kọjá ògiri pápá, àpapọ̀ irú rẹ̀ tó ti gbá látìgbà tó ti ń ṣeré pé 700, iye fráǹkì tí ọmọ wa fi ra ẹ̀wù gẹ́lẹ́. Nínú líìgì àgbà Amẹ́ríkà, Babe Ruth, Hank Aaron àti Barry Bonds nìkan ló ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo jí ní ìdájí, mo ń retí igbe. Kẹ́kẹ́ pa. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó jókòó ti fóònù, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí wọ́n jí ọ̀kadà rẹ̀ gbé.

“Bàbá Kékeré, gbogbo ayé ti fẹ́ràn rẹ̀. Kódà ọmọ tó ń ta káàdì fóònù ti ń bi mí níbi tó ti lè rí nọ́ńbà 5. Ta ló wá fẹ́ mọ̀ pé mo jìyà?”

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ta ẹ̀wù náà ní 3,000 fráǹkì. Ìdúróṣinṣin lérè, àbí kò lérè?

Láti ìgbà yẹn ló ti ń wá ẹlòmíràn. Ẹnu àìpẹ́ yìí, a jókòó sí ojúde lálẹ́, ó ń ka irú ẹni tó ń wá fún mi: kó ti gbó, kó ti lókìkí rí, kí orúnkún máa dùn ún, kí àwọn èèyàn ti pa á tì, kó sì kọ̀ láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan nu èéfín lójú, ó fi ìkejì di orúnkún mú. Gbogbo Kétu ló ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí ẹ̀kọ yìí nígbà kan.

Ó ro ẹ̀kọ rẹ̀ títí ọmọ fi sọ̀rọ̀ tán.

“Nọ́ńbà wo,” ló bi í, “lẹ máa kọ sí mi lẹ́yìn?”