Àga wolé-wolé ṣófo, àwọn tó kàwé rẹ̀ ń wáṣẹ́

Lọ́dọọdún, bí èsì JAMB bá ti jáde, ojú a fà ro nílé tí ọmọ ti ń sọ pé dókítà lòun máa dà. Máàkì kò pé. Yunifásítì a wá fún un ní ìlera àwùjọ, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Public Health. Ìyá rẹ̀ a ní: "Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ máa lọ gbá ni?" A kò dá ìyá náà lẹ́bi. Ohun tó máa kẹ́yìn dìgírì náà ló ń bà á lẹ́rù, ìjọba ló sì dá ẹ̀rù ọ̀hún sílẹ̀.

Ẹni tó ka iṣẹ́ yìí kì í ṣe dókítà. Ọdún mẹ́rin ló fi ń kọ́ bí àìsàn ṣe ń rìn láti ilé kan dé èkejì, bí wọ́n ṣe ń ka iye tó mú àti iye tó pa, àti bí èèyàn ṣe ń bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi gbọ́. Èkó rí ìwúlò rẹ̀ lọ́dún 2014. Nígbà tí ọkùnrin kan gbé Ebola wọlé láti Làìbéríà lóṣù keje, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kó jáde ní ọsibítù, ẹ̀mí dókítà náà ló sì bá a lọ. A kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ kù fún ẹlẹ́sẹ̀. Ní Èkó àti Port Harcourt, àwọn òṣìṣẹ́ wá àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 tó ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n ń lọ sílé wọn fún ọjọ́ 21 láti wọn ìgbóná ara wọn. Ìbẹ̀wò náà lé ní 18,000. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ kí oṣù kẹwàá tó parí.

Ebola wá, ó lọ. Ibà Lassa kò lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo etí títì lágbègbè Ọ̀wọ̀: láfún tí wọ́n sá sórí ọ̀dà, tó funfun báláú. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn kò kó o, eku á jẹ níbẹ̀, á sì tọ̀ sí i. Inú ìtọ̀ yẹn ni ibà náà ń gbà wọlé. Kí la fẹ́ sọ fún ìyá tó sá láfún? Pé kó má ṣòwò mọ́? Ẹni tó gbọ́ṣẹ́ á jókòó tì í, á bá a wá ibi gíga tó lè máa sá a sí, àti ike onídèérí tó lè kó o sí nírọ̀lẹ́.

Àwọn àgbà mọ wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Á dé láàárọ̀, á ṣí àmù, á bẹ̀ ẹ́ wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bó bá rí i, ó di ẹjọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn ju bó ti yẹ lọ, àmọ́ kò sílé tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn yín kẹ́yìn láti wo omi tí ẹ ń mu?

Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba èèyàn márùn-ún, ó kéré tán, tó ka ìlera àwùjọ síṣẹ́, pẹ̀lú ipò tó wà nínú ìwé iṣẹ́ ọba, owó oṣù àti ìgbéga. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Bí gómìnà kan bá ṣì di owó náà mú, kí alága sọ ọ́ síta kí aráàlú gbọ́.

Èyí tí kò tilẹ̀ ní náni ní kọ́bọ̀ ni ti àgùnbánirọ̀. Ọmọ tó ka ìlera àwùjọ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń rán lọ kọ́ni ní ìṣirò. Kí wọ́n rán an lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, kó mú ìwé àti bírò, kó máa wọlé tọ àwọn tó sá láfún sétí títì lọ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.