Ohùn Màmá Àgbà Kì í Ṣe Orin Ayé

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, níbi tí àwa ẹgbẹ́ akọrin ti ń dán orin ọjọ́ Ìsinmi wò, fóònù mi dún nínú báàgì tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kì í ṣe agogo lásán ni fóònù mi máa ń lù bí ènìyàn bá pè mí. Ohùn ìyá tó bí bàbá mi ló máa ń jáde, níbi tó ti ń kọ orin ajísààrì, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn tó ń gbààwẹ̀, tó ń fi ṣíbí onírin lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tẹ̀lé e. Kí ọwọ́ mi tó tó o, ọ̀gá akọrin wa ti gbọ́ tó ìlà méjì. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ohùn dákẹ́, ó sì bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé kí ni orin fújì ń wá lára ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ akọrin níwájú Ọlọ́run. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, màmá àgbà mi ló ń kọrin yẹn." Ó ní, "Sístà, ẹni yòówù tí ì báà kọ ọ́, orin ayé ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó padà wá síbí."

Mo ní mo ti gbọ́, mo sì padà sídìí ohùn kejì tí mo máa ń kọ. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, n kò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ tán, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Aṣọ òfì ni màmá àgbà mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tà ní ọjà Òjé, nílùú Ìbàdàn. Alhaja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Mẹ́kà rí títí ó fi papòdà. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ilé ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti bí màmá mi, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn pé àwọn ọmọ yóò bá ìyá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ fa ojú ro sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ bá ti dé, ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni wọ́n ń kó wa lọ, nítorí ó ní òun kò lè máa jẹ sààrì nínú ilé tí kò sí ohùn ọmọdé. Bí ilẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó mọ́, yóò gbé ọbẹ̀ àná kaná, yóò dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan lọ́wọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Oríkì kálukú ló fi ń jí i. "Àbẹ̀kẹ́, dìde, wá fi nǹkan sẹ́nu." N kò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ sààrì.

Ní ààwẹ̀ ọdún 2021, agbára rẹ̀ ti dín kù, kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ìkòkò lé itan, mo sì rọra gbé fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láì jẹ́ kí ó mọ̀, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ààwẹ̀ ọdún kejì tó dé, a ti sin ín. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá akọrin wa gbọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyí, mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí ó ṣe sọ wọ́n:

"Ẹ jí, ẹ jí, òru ti lọ jìnnà,
Ọba tó jí wa kò sùn lánàá."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní Bíbélì nílé ṣí Sáàmù 121, ẹsẹ kẹrin, kí ó kà á sókè. Ibẹ̀ ni a ti sọ fún wa pé Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn. Ẹni tó bá ní Kùránì lè wo súrà kejì, ẹsẹ 255, níbi tí wọ́n ti sọ pé òògbé kì í kùn Ọlọ́run, àsùnwọra kì í sì í gbé E. Obìnrin tí kò mọ̀wé kà ní èdè kankan fi ìlà kan ṣoṣo sọ ohun tí ìwé mímọ́ méjèèjì sọ, ó sì fi ìkòkò ọbẹ̀ lù ú. Ohun tí wọ́n ní kí n pa rẹ́ nìyẹn.

Mo gbà pé kì í ṣe etí ọ̀gá akọrin wa ló ṣì í gbọ́. Lóòótọ́ ni ó gbọ́ fújì níbẹ̀, nítorí inú ajísààrì ni fújì ti jáde. Kí fóònù tó wà tí ń jí ènìyàn, àwọn ọ̀dọ́ máa ń to ara wọn jọ lóru ààwẹ̀, wọn yóò gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, wọn yóò máa ti ojúlé dé ojúlé kọrin kí àwọn Mùsùlùmí lè dìde wá jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Wéré ni wọ́n ń pe orin náà. Inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn ní 1948, tó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, tó sì padà wá sọ orin òru ààwẹ̀ di orin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń jó sí lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí pé màmá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò tajà lọ́jọ́ náà. Ọmọ ni ọ̀gá akọrin wa rí lójú ìyá, tó wá sọ pé ìyá náà kì í ṣe ènìyàn rere. Orin tó pè ní orin ayé yìí, ẹnu àwọn tó fẹ́ gbààwẹ̀ fún Ọlọ́run ló ti kọ́kọ́ jáde.

Èyí tó sì dùn mí jù ni ti ìkórè èṣí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ọ̀gá akọrin wa fúnra rẹ̀ ló pe ọmọkùnrin tó ń lu ìlù wa, tó ní kí ó lù ú bíi ti Asake, kí ara ìjọ lè yá gágá. Ó lù ú bẹ́ẹ̀, a sì kọrin bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ bọ́ bàtà sílẹ̀, owó bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti inú àpò tí kì í sábà ṣí, èmi náà jó títí aṣọ akọrin fi lẹ̀ mọ́ mi lára. N kò rò pé a ṣẹ̀. Inú mi dùn sí Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin Asake dáadáa, ní pàtàkì àwọn tó kó jáde ní 2022: ègbè rẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí odidi ìjọ bá ń kọrin pọ̀, bó sì ṣe ń yí ohùn rẹ̀, ohùn fújì ni. Bí ohùn fújì bá gba ojú agbo àríyá kọjá, tó gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, tó wá bá wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, a ó tẹ́wọ́ gbà á. Bó bá wá láti ẹnu ìyá arúgbó tó ń jí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dìde, a ó ní kí ó dúró síta.

Ta tilẹ̀ ni ó ń wádìí ibi tí àwọn orin inú ìwé orin wa ti wá? Ohùn kan wà níbẹ̀ tí a fi ń kọrin ìyìn Síónì, ohùn tó gbé ènìyàn sókè tí mo sì fẹ́ràn gidigidi. Joseph Haydn ló ṣe é ní 1797, láti fi yin ọba ilẹ̀ Austria, ọba ẹlẹ́ran ara bíi ti èmi àti ẹ̀yin. Ohùn yẹn kan náà ni orin orílẹ̀-èdè Jámánì lónìí, wọn a sì máa kọ ọ́ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní orin ayé nínú ìjọ wa. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé, ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì di mímọ́ lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan tó máa ń dà mí láàmú bí a bá ń kọrin. Yorùbá tí a ń sọ yìí, orí ohùn ló dúró lé. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó tí a tò sórí ọ̀rọ̀ wa kò mọ èyí, ó ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀, ó ń sọ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, títí tí àwa tí a ń kọ ọ́ kò fi ní mọ ohun tí a ń sọ bí a kò bá wo ìwé. Bàbá bàbá Fẹlá, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, rí èyí tipẹ́tipẹ́. Àlùfáà Áńgílíkà ni, ó sì ń fi ohùn ilẹ̀ wa ṣe orin fún Ọlọ́run. Ní 1922, ó lọ sí London, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, níbi tó ti ń kọrin Jésù ní èdè wa. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí èyí, síbẹ̀ orin ìkòkò ṣì ń bà wá lẹ́rù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wá fi Róòmù orí kejìlá dá mi lóhùn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí a má ṣe da ara wa pọ̀ mọ́ ayé yìí. Mo ti kà á. Mo sì mọ̀ pé àwọn orin kan wà tí ẹnu kò yẹ kó gbà, tí n kò ní jẹ́ kí ó dún nínú fóònù mi láéláé. Ọ̀rọ̀ màmá àgbà mi kò sí lára wọn.

Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni, n bá ní ẹ̀sìn kò papọ̀ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fídáù fún un. Àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n jọ ń tajà ní Òjé wá, àwọn tí wọ́n ti jọ ń kọ wákà, orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí, láti ìgbà èwe wọn, wọ́n jókòó sórí ẹní, ọ̀kan nínú wọn sì dá orin kí wọ́n fi sin ọ̀rẹ́ wọn. Kò tíì parí ìlà kìíní tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-kéwú dé, fi dìde tó ní kí wọ́n dákẹ́, pé bídíà ni, pé Ànábì kò ṣe bẹ́ẹ̀, pé orin yòówù tí wọ́n bá kọ yóò di ẹrù lọ́rùn òkú. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé nítorí òun náà fẹ́ràn ìyá wa. Àwọn ìyá náà wo ara wọn. Ìyá tó dá orin náà fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi." Bí a ṣe parí fídáù náà nìyẹn, láìsí ohùn obìnrin kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá akọrin wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó dà bí ẹni pé ìgbà kejì nìyí tí wọ́n ń lé màmá àgbà jáde, tí kò sì tún sí ilé mìíràn tó lè lọ. Alfáà kò fẹ́ ẹ, akọrin kò fẹ́ ẹ. Fóònù mi nìkan ló kù.

Mo ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yìí síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ òótọ́ tán bí n kò bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. A kọ orin ìbílẹ̀ kan nígbà ọrẹ, orin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ súnmọ́ ti màmá àgbà débi pé mo lè to ọ̀kan lé èkejì. Mo la ẹnu, mo kọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe kọrin rí lọ, ìyá kan níwájú tilẹ̀ ń nu ojú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, n kò ronú kan Ọlọ́run rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń rí, àti èéfín iná, àti ọwọ́ màmá àgbà lára ìkòkò. Nígbà tí a jókòó, mo bi ara mi bóyá ìjọsìn ni mo ṣe tàbí mo kàn ń ṣọ̀fọ̀ nínú aṣọ akọrin, n kò sì rí ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá akọrin wa ń bẹ̀rù nìyẹn, tí kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé bí màmá àgbà náà ṣe máa ń rí ìyá tirẹ̀ nìyẹn, bó bá ń jí wa dìde.

Lọ́la ni Ọjọ́bọ̀. N kò tíì yọ ohùn náà kúrò.