Mo ti dímù iná, wọ́n ṣì ń bú mi

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ jẹ́ n tú u síbí kó lè kúrò nínú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yọ gílóòbù tó bá ọkọ̀ yín wá, tẹ́ ẹ fi LED funfun báláú rọ́pò rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kí ẹnikẹ́ni tó bínú sí mi, kó yáa mọ̀ pé èmi gan-an ni ọ̀daràn àkọ́kọ́.

Camry 2004 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy. (Àwa yìí náà! Iná la fi ń sọ ọkọ̀ lórúkọ: Pencil Light rèé, Drop Light rèé. Kí wọ́n wá bi wá léèrè bí iná ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wa lẹ́nu.) Iná iwájú rẹ̀ ti ṣú. Tí mo bá tan án lóru, àfi bí ẹni gbé àtùpà elépo síwájú ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo sì máa ń ti Ìbàdàn lọ wo ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́ ò ní kí n ṣàlàyé. Ojú títì kan náà ni ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ń gbà. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, kòtò láàárín. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu tírélà kan tó kú sójú títì láìtan ohunkóhun sẹ́yìn, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọmọkùnrin kan lọ́jà páàtì ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, "Alàgbà, ẹ yọ ara yín nínú ìyà." Ó mú LED méjì jáde nínú páálí, fáànù kékeré wà nídìí wọn, ó ní ₦22,000 ni. Wọ́n kọ lumen 20,000 sára páálí yẹn gàdàgbà (lumen la fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Gílóòbù 9006 tó bá ọkọ̀ mi wá, wáàtì 55 ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò sì ju bíi lumen 1,000 lọ. Ó yẹ kí n ti fura. Nǹkan tó kéré tó àtàǹpàkò, tí wọ́n ní ó fi ìlọ́po ogún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irọ́ ti wà nínú ẹ̀ níbì kan. Àmọ́ ojú ń pọ́n mi.

Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yí ti àtijọ́ jáde, ó ti tuntun bọ̀ ọ́, ó ní kí n tan án. Ògiri ṣọ́ọ̀bù òdìkejì funfun bí aṣọ ìyàwó. Inú mi dùn ṣìnkìn.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí mo fi rìn lóru, gbogbo ọkọ̀ tí mo bá pàdé ló ń ṣẹ́ iná sí mi. Èmi rò pé wọ́n ń ta mí lólobó pé ọlọ́pàá wà níwájú. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ àṣà wa. Mo dẹ eré, mo tún bẹ́líìtì so, mo kó ìwé ọkọ̀ sí ìtòsí. Kò sí ọlọ́pàá kankan. Ọkọ̀ mìíràn tún ṣẹ́ iná. Mo wo súìṣì: dímù ló wà. Awakọ̀ tírélà kan ò tiẹ̀ wulẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Gbogbo iná tó tò sórí ọkọ̀ rẹ̀ ló tàn sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bú u títí a fi jìnnà síra. Mo ti dímù, kí ló tún ń fẹ́?

Mi ò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọlọ́kadà kan yọ láti iwájú. Mo rí iná ẹyọ kan tó ń mì, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó sì pòórá. Mo dúró. Inú koríko ló wà, ọ̀kadà dùbúlẹ̀ tì í, àpò gàrí rẹ̀ ti tú. Ọlọ́run bá mi ṣé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn bó díẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ síjú wo ọkọ̀ mi, ó ní:

"Dádì, kí lẹ gbé sórí mọ́tò yín? Mi ò rí títì mọ́ rárá!"

Mo ní mo dímù o.

"Dímù wo? Oòrùn ọ̀sán lẹ gbé wá pàdé mi lóru!"

Mo pa iná, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù bá a kó gàrí. Èyí tó ti pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo san owó rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi gbé ọ̀kadà rẹ̀ dìde. Ì bá jẹ́ pé ó bú mi dáadáa ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi wa ọkọ̀ náà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò lálẹ́, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Bó ṣe yọ, mo pariwo pé kó dímù. Ó yọ orí jáde: "Bọ̀dá mi, mo ti dímù o!" Mi ò rí gọ́tà. Mi ò rí ọwọ́ ara mi tí mo nà síwájú. Nígbà tó kọjá tán, nǹkan aláwọ̀ ewé kan ń fò lójú mi bí ìgbà téèyàn wo iná wẹ́dà. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Gbogbo àwọn tí mo bú lọ́nà, àwọn ni wọ́n jàre.

A tún dán nǹkan mìíràn wò. A dá gílóòbù àtijọ́ padà sápá òsì, a fi LED sílẹ̀ lápá ọ̀tún, a wá kọjú ọkọ̀ sí fẹ́ǹsì láti bíi mítà mẹ́wàá. Ìmọ́lẹ̀ apá òsì pọ́n, kò lágbára, àmọ́ òkè rẹ̀ gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Òkùnkùn lókè ìlà, ìmọ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ò ní ìlà kankan. Ó dà bí ẹ̀kọ gbígbóna tó dà sílẹ̀: ó dé orí fẹ́ǹsì, ó kọjá fẹ́ǹsì, ó gun igi máńgòrò ìyá onílé ẹ̀yìn wa dé òkè. Àwọn àdán bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Ohun tí mo wá lóye ni pé gílóòbù nìkan kọ́ ni iná ọkọ̀. Nínú ti àtijọ́, okùn wáyà tín-ín-rín kan ló ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ tó ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀. Ojú kan pàtó ni okùn yẹn wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó mọ àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tá a wà lọ́mọdé tá à ń fi àfọ́kù dígí gba oòrùn sára ògiri: ẹ kàn mi ìka díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti fò dé orí òrùlé. Bó ṣe rí nìyẹn. LED tí mo rà, irin pẹlẹbẹ kan ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń tàn, kò rí bí okùn wáyà yẹn, kò sì jókòó síbi tí okùn yẹn jókòó sí. Àwo náà ò mọ ibi tó máa darí rẹ̀ sí, ó ń fọ́n ọn ká ni. Kí o dímù tàbí kí o má dímù, ọ̀kan náà ni lójú ẹni tó ń bọ̀.

Èyí tó tún wá burú, ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ò ní mọ̀. Ẹnu bọ́ńpà á mọ́ yòò, èèyàn á rò pé òun ti ń ríran. Ọ̀ọ́kán tí tírélà tó kú dúró sí, ìmọ́lẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀.

Mi ò sọ pé LED léèwọ̀ o. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ṣe LED sí, LED ni wọ́n mọ àwo rẹ̀ fún, ìlà rẹ̀ sì máa ń gún. Kódà ní Jámánì, láti ọdún 2020 ni wọ́n ti gba àwọn LED kan láyè láti rọ́pò halogen, ìyẹn gílóòbù olókùn wáyà bíi tèmi àtijọ́, àmọ́ wọ́n ti kọ orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n dán an wò fún sílẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ ò bá sí nínú ìwé yẹn, má fi sí i. Ní Ìlú Ọba, wọn ò tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé Peckham fi irú tèmi sí ọkọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, ọkọ̀ tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, ìwé ìlànà wọn sì sọ ọ́ gbangba pé iná halogen tí wọ́n bá ti sọ di HID (gílóòbù onígáàsì) tàbí LED, kó fìdí rẹmi, àfi ọkọ̀ tó ti ń rìn ṣáájú 1 April 1986. Ọkọ̀ àbúrò mi fìdí rẹmi. Ó yọ ọ́, ó fi ti àtijọ́ sí i, ó gba ìwé rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Òfin wà. Ẹ̀ṣẹ̀ iná wà nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí Road Safety lè torí ẹ̀ bu owó ìtanràn lé awakọ̀, ọ̀dọ̀ VIO la sì ti ń gba ìwé roadworthiness. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Nínú oṣù tí mo fi LED yẹn rìn, àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sán gangan. "Ẹ tan iná." Mo tan án. "Ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ máa lọ." Bó bá ti ń tàn, ó ti parí, ibi tó ń tàn sí ò kan ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìdajì àyẹ̀wò nìyẹn. Kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi láti ṣe ìyókù. Ògiri kan, okùn ìwọ̀n, ìlà ṣọ́ọ̀kì kan lára ògiri, ó tán.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní òkùnkùn ọ̀nà wa ò jọ ti Jámánì, pé kòtò ń bẹ, màlúù ń sọdá, tírélà ò ní iná ẹ̀yìn, ẹni tí ò ríran á kú. Òótọ́ ni. Ohun tó gbé èmi náà débẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ gílóòbù kọ́ ló ń ṣe ọkọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Rẹ̀wáyà àgbà kan ló fi hàn mí. Ó kọ́kọ́ fi èékánná ha ojú iná náà, ó rẹ́rìn-ín. Ike ni ojú iná ọkọ̀ òde òní, oòrùn ló sì ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Tèmi ti gba oòrùn Amẹ́ríkà kó tó wá gba tiwa. Ó fi sáńpépà 800 tó rẹ sómi ha á, ó bọ́ sí 1,500, ó parí ẹ̀ sí 2,000, ó fi pólíìṣì kún un, ó wá fọ́n fáníìṣì tó ń lé oòrùn sí i. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, ó máa ń mọ́ lóòótọ́. Tí ẹ ò bá kùn ún ní nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀, kò ní pẹ́ tó máa padà sí bó ṣe wà.)

Lẹ́yìn náà ló fi mítà wọn iná tó ń dé ẹnu gílóòbù. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bátìrì ń fi 14 hàn, àmọ́ fóòtì (volt) 10.9 péré ló ń dé iwájú. Wáyà tó so iná mọ́ bọ́dì ọkọ̀ ti dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù halogen, tí fóòtì rẹ̀ bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ wá ṣírò tèmi. Ó fi wáyà tuntun tó nípọn so ó, ó fi gílóòbù halogen tuntun méjì sí i, aṣọ mímọ́ ló fi dì wọ́n mú. Ó ní òróró ìka ọwọ́ máa ń mú kí dígí rẹ̀ gbóná lójú kan, ibẹ̀ ló sì máa ń ti bẹ́. Mo bi í bóyá ká kúkú fi oníwáàtì 100 sí i. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀, ó fi ẹnu wáyà kan tó ti yọ́ bí àbẹ́là hàn mí.

Ìkẹyìn, ògiri. Ó wọn gíga iná láti ilẹ̀, ó sún ọkọ̀ sẹ́yìn dé mítà 10, ó yí ìdè títí ìlà ìmọ́lẹ̀ fi wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ gíga yẹn. Ó ní èyí tó kù díẹ̀ kó gbàgbé sọ: kí n má ra ojú iná tí wọ́n bá kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Láti 2 April 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ni tiwọn. Iná tiwọn máa ń gbéra sókè díẹ̀ lápá òsì kó lè fi etí ọ̀nà hàn. Nílé níbí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló wà lápá òsì. Mo rántí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa Golf, tó ń yangàn pé iná òun ti Ìlú Ọba wá. Mo pè é lóru ọjọ́ yẹn.

Mo ti lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà náà. Mo ń ríran jìnnà ju bí mo ṣe ń fi LED ríran lọ, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́ iná sí mi, àfi lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá sì wà níwájú lóòótọ́.

LED méjèèjì ṣì wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún òun kí òun fi sí ọkọ̀ ọ̀gá òun, mo kọ̀. Ó wá so wọ́n mọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti gbó kan ní ilé adìẹ rẹ̀. Àwọn adìẹ ló ń fojú winá rẹ̀ báyìí.